“Naught” ni àbí “nought”? Alàgbà wa ti fi bírò pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì

Akọ̀wé Ìjọ

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn baba wa. Èmi ni mo ń tẹ ìwé ètò ìsìn ìjọ wa níbí l'Abẹ́òkúta. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ jẹ́ ti àwọn ìyálọ́jà, ẹsẹ Bíbélì méjì ló sì wà nínú ìwé náà lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èkíní ni Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5:38, níbi tí Gàmálíẹ́lì ti sọ pé bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ènìyàn, yóò “come to naught”. Èkejì ni Òwe 20:14: “It is naught, it is naught, saith the buyer.” Orí ni mo fi tẹ méjèèjì, “a” ni mo sì lò.

Alàgbà tó ń bá wa yẹ̀ ẹ́ wò fi bírò pupa pa “a” rẹ́ níbi gbogbo, ó kọ “o” lé e. Mo ní sà, kọ̀ǹpútà ò fa ìlà pupa sí i nídìí. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ò lọ Gírámà Sùkúù.

Èwo ló tọ̀nà? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tún wá ní ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló bí “naughty” tí wọ́n fi ń bá ọmọ aláìgbọràn wí. Ṣé òótọ́ ni? Ọjọ́ Ẹtì ni mo ń gbé e lọ sọ́dọ̀ onítẹ̀wé.

* * *

Aríyànjiyàn

Òdo kan ṣoṣo lẹ fẹ́ fi da ìjọ rú. Ta ló ń sọ “naught” lóde òní? Kọ “nothing” síbẹ̀ kó o lọ sùn. Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti gbàgbé ẹ̀.

* * *

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Wọn ò gbàgbé ẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń jáde lẹ́nu wọn, wọn ò kàn mọ̀ pé òun ni. Màá padà sórí ìyẹn.

Akọ̀wé, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ fún ẹ ni pé èyí tó ní “o” ni nọ́ńbà, òdo tí à ń kọ sílẹ̀, pé èyí tó ní “a” ni ti inú ìwé, tó dúró fún òfo àti asán. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn, bí èmi náà ṣe kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún 31 nìyẹn. Fún Gẹ̀ẹ́sì ìlú Ọba, kò burú. Òdo tó ṣáájú nínú 0.5, “nought” ni, eré àwọn ọmọdé tí ẹnì kan ń ya òdo tí ẹnì kejì ń ya àgbélébùú, “noughts and crosses” ni, ọdún mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ láti 2000, “noughties” ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ìyẹn, “o” ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òfin ni, kó rọra. “A” ni àwọn ará Amẹ́ríkà sábà ń fi kọ méjèèjì. Láàárín àwọn ará Britain pàápàá, bí wọ́n bá dé orí “come to” yìí, àwọn kan á fi “a” sí i, àwọn kan á fi “o”, ẹnikẹ́ni ò sì ní bá wọn wí.

Àtilẹ̀wá ló ti ní ojú méjì. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, “nāwiht” wà, “nōwiht” náà wà. Apá ìbẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí láé tàbí rárá, “wiht” sì ni ohun kan, ẹ̀dá kan. Ẹ pè wọ́n pọ̀ kíákíá, kí ó sì gbó lẹ́nu ìran kan dé òmíràn, gbólóhùn odidi ti di sílébù kan. “Gh” tó wà láàárín ẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nígbà náà. Ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n fi ń hà á jáde, bí àwọn ará Jámánì ṣe ń ṣe títí dòní bí wọ́n bá ń pe “Nacht”, òru.

Ìjà tí bàbá yẹn fi bírò dá sí, ó ti wà kí wọ́n tó dá bírò sílẹ̀.

* * *

Aríyànjiyàn

Tíṣà, ẹ ti yí i ká. Tó bá jẹ́ ojú méjì ló ní, kí ọmọbìnrin yìí kọ èyí tó wù ú. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

* * *

Nọ́ọ̀sì Leeds

Ẹ má tíì pa á tì o. Ọ̀rọ̀ yìí ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

Oṣù kìíní tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó níbí, bàbá kan wà ní yàrá ìsàlẹ̀, ọmọ Yorkshire pọ́ńbélé, tó ti fi ìgbà èwe ẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú kòtò èédú. Mo wọlé láàárọ̀, mo ní bàbá, kí ni ẹ ń fẹ́? Ó ní “nowt”. Etí tèmi, “note” ni mo gbọ́. Mo yára lọ gbé ìwé àti bírò wá, mo gbé e lé orí tábìlì kékeré tó wà níwájú ẹ̀, mo dúró. Bàbá wo ìwé, ó wo bírò, ó wò mí. Lọ́jọ́ kejì mo tún dé, ó ní ṣé “owt” wà nínú ìròyìn? Mo rò pé ó fẹ́ jáde, mo lọ ń fa kẹ̀kẹ́ ẹ̀.

Ìgbà tí ẹnì kan là mí lọ́yẹ̀ ni mo mọ̀ pé “nowt” ni “nought” bí wọ́n ṣe ń pè é ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti pé “owt” ni èkejì ẹ̀, ohunkóhun. Bàbá yẹn ò wá fi mí lọ́rùn sílẹ̀ mọ́. Ó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ NOWT sórí ìwé tí mo gbé fún un, ó ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lókè bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó bá ti wọlé bi í pé kí ló fẹ́, ìka ló fi ń nà án sí i.

Aríyànjiyàn, ibi tí ẹ ní wọ́n ti gbàgbé ẹ̀ nìyí. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo ń wọ̀, àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ń sọ ọ́.

* * *

Ìyá Ìbejì Ìtòkú

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ò mọ Gẹ̀ẹ́sì tó yín, ṣùgbọ́n ẹsẹ kejì tí Akọ̀wé dárúkọ yẹn, mo mọ̀ ọ́n, torí àdìrẹ ni mò ń tà.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ìyáàfin kan dúró níwájú ìsọ̀ mi. Ó fa ẹlẹ́lùú kan yọ láàárín àwọn tó ká síbẹ̀, ó nà án sí oòrùn, ó fi àtàǹpàkò ra á bóyá aró á yí i lọ́wọ́, ó gbé e símú. Ó ní èyí ò dáa. Ó ní aró ẹ̀ á ṣí, pé ọwọ́ ẹni tó fi ẹ̀kọ yà á ń gbọ̀n, àbí n ò rí bí ìlà yẹn ṣe wọ́? Ó ní ṣe lòun kàn fẹ́ ṣe mí lóore. 12,000 ni mo pè é, 7,500 ló san. Kò tíì dé ìdí ọkọ̀ tó fi pe ọ̀rẹ́ ẹ̀ lórí fóònù, ohùn sókè, pé òun ti rí ẹlẹ́lùú gidi rà ní owó táṣẹ́rẹ́. Ọmọ tí mo rán lọ ra omi ló gbọ́ ọ.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, ṣé lóòótọ́ ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí òfo níbẹ̀? Oníbàárà kì í sọ pé “kò sí nǹkan kan, kò sí nǹkan kan”. Aṣọ ń bẹ lọ́wọ́ ẹ̀! “Kò dáa” ló ń wí.

* * *

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ìyá Ìbejì, ẹ ti fọ́ ọ sí méjì. Gbogbo wa tí à ń ka gírámà ò rí i.

Mo dìde lọ gbé Bíbélì King James mi, èyí tí ìtumọ̀ rẹ̀ jáde ní 1611. Bó ṣe rí nìyí. Nínú Òwe 20:14, “a” ló wà níbẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí kò dáa, ohun tí kò níláárí. Ẹ tún ṣí Àwọn Ọba Kejì 2:19, níbi tí àwọn ará Jẹ́ríkò ti wá bá Èlíṣà pé ìlú àwọn dùn-ún wò, “but the water is naught”. Omi wà ní Jẹ́ríkò o, wọ́n ń pọn ọ́n. Ṣe ni omi náà burú, ilẹ̀ ò sì méso jáde, ìdí nìyẹn tí wòlíì fi ní kí wọ́n bu iyọ̀ sínú àwo tuntun wá. Ẹni tó bá túmọ̀ “naught” sí “kò sí” níbẹ̀ ti gbé ọ̀dá dé Jẹ́ríkò láìnídìí.

Ní ti Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 5:38, “o” ló wà níbẹ̀. Aísáyà 8:10, “o”. Sáàmù 33:10, níbi tí Olúwa ti ń sọ ìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè dasán, “o” ni. Nínú King James tó wà lọ́wọ́ wa, “o” ni òfo, “a” ni burúkú.

Akọ̀wé, ohun tó yọrí sí ni pé alàgbà yín gba ẹsẹ kìíní, ìwọ gba ẹsẹ kejì.

Ibẹ̀ náà la ti máa rí “naughty”. Àtètèkọ́ṣe, ẹni tó ní “nought” ni, aláìní, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ foo. Láti aláìní ó di aláìníláárí, ó di ènìyàn burúkú. Òwe 6:12, “a naughty person”, ẹni ibi ni wọ́n ń wí, kì í ṣe ọmọ tó da mílíìkì sílẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ náà rọ̀, tó di ti ọmọdé. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ jàre.

* * *

Nọ́ọ̀sì Leeds

Áà! Ẹ ti rán mi létí. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje nígbà náà, ni wọ́n ní kó ka Jeremáyà 24 níwájú ìjọ, King James, torí pásítọ̀ wa ò gba òmíràn. Agbọ̀n ọ̀pọ̀tọ́ méjì. Ọ̀kan dáa gan-an, èkejì “very naughty figs”. Ó dúró. Ó gbójú sókè wo pásítọ̀, ó ní “What did they do?”

Ìsìn ò padà bọ̀ sípò lọ́jọ́ náà.

* * *

Aríyànjiyàn

Mo ti rẹ́rìn-ín, ó tó. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dí wa lójú. Ní 1611, ta ló mọ̀ bí a ṣe ń kọ ọ̀rọ̀? Bó bá ṣe dé ọwọ́ onítẹ̀wé ló ṣe ń tò ó. “A” àti “o” tẹ́ ẹ rí yẹn, ẹ̀yìn ọ̀la ni àwọn tó ń tún Bíbélì tẹ̀ ṣètò ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ìtumọ̀ kan náà ló sì yí padà. Ẹ má sọ ọ́ di pé Ọlọ́run ló fi “a” sí burúkú.

Ṣé ẹ sì rò pé àwọn ìyálọ́jà tó máa gba ìwé yẹn lọ́jọ́ Ìsinmi máa dúró ka fáwẹ̀lì?

* * *

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Mo gbà fún ọ lórí àkọtọ́. Kò tíì dúró nígbà náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sì ni. Ibi tí mi ò ti bá ọ lọ ni pé Akọ̀wé kì í ṣe ẹni tó ń sọ tẹnu ara rẹ̀. Ẹsẹ Bíbélì ló ń dà kọ. Bí ìwọ bá ń dà á kọ, bó ṣe wà níwájú rẹ ni kó o ṣe kọ ọ́. Bó bá jẹ́ lẹ́tà tìrẹ lò ń kọ, tó o ní gbogbo làálàá rẹ já sí pàbó, fi fáwẹ̀lì tó wù ọ́ sí i, má kàn fi méjèèjì sínú lẹ́tà kan.

Tí ojú àwọn ìyálọ́jà bá sì jẹ ọ́ lógún, kí Akọ̀wé fi NIV, Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì òde òní, sí i. Níbẹ̀, tí Gàmálíẹ́lì ni “it will fail”, ti Ìyá Ìbejì ni “It's no good, it's no good!” Kò sí òdo kankan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni máa fi bírò pa rẹ́.

* * *

Akọ̀wé Ìjọ

Tíṣà, ẹ ṣeun sà. NIV kẹ̀? Alàgbà ò ní fi bírò pa ìyẹn rẹ́, gbogbo ojú ìwé ni wọ́n máa fà ya.

* * *

Oníná Houston

Ẹ jẹ́ kí èmi náà dá tèmi sí i, torí owó ni tèmi fẹ́ ná mi.

Nílé, iná ni mo kọ́. Bá a ṣe ń ra wáyà l'Ékòó, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: 1.5, 2.5, 4 mílímítà, nọ́ńbà ń pọ̀, wáyà ń nípọn. Mo dé Texas, ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ ní kí n lọ mú “four-aught” wá nínú ọkọ̀. Mo wá a títí. Mo rí èyí tí wọ́n kọ 4 sí lára, mo gbé e wá. Ó ní rárá, “four-aught”. Mo padà lọ. N ò rí “aught” lára wáyà kankan. Èyí tí mo rí ni 4/0.

Wọ́n gbé ètò wáyà tibí lé orí ni. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń kéré ni wáyà ń nípọn sí i. Tó bá dé 1, tí wọ́n ṣì fẹ́ èyí tó nípọn jù ú lọ, òdo ni wọ́n bọ́ sí, òdo kan, òdo méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Òdo mẹ́rin ni 4/0. Tó bá jẹ́ kọ́pà gbọnrangandan, ó nípọn tó 11.7 mm, tí wọ́n bá sì ń fa iná 200 amp wọ ilé èèyàn, aluminiomu 4/0 ni wọ́n sábà ń lò. Wáyà tí mo gbé wá fún ọ̀gá lẹ́ẹ̀kíní, a ò bá so ó mọ́ ibẹ̀ ni, èéfín ni ì bá fi pè wá.

Ìbéèrè mi ni pé Nọ́ọ̀sì ní “owt” túmọ̀ sí ohunkóhun, Tíṣà náà ní “nought” ni òdo. Èwo wá ni “aught” tèmi? Níbí òdo ni. Àwọn ọdẹ ibí ní ọta kan tí wọ́n ń pè ní “thirty-aught-six”, .30-06 ni wọ́n ń kọ sára páálí ẹ̀. 06 yẹn, ọdún 1906 tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà gbà á wọlé ni. Òdo ni wọ́n ń pè ní “aught” níbẹ̀ náà. Báwo ni ọ̀rọ̀ kan ṣe máa jẹ́ ohunkóhun tún jẹ́ òfo?

* * *

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ìbéèrè tó dáa jù látàárọ̀ nìyí.

“Aught” gidi ni ohunkóhun. “Nāwiht” tí mo sọ lókè, ẹ yọ “n” kúrò, ó di “āwiht”, nǹkan kan. Ìyẹn ló di “aught” àti “owt” àwọn ará Leeds. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sínú ìwé àtijọ́ pé “for aught I know”, ohun tó ń wí ni pé níbi tí ìmọ̀ òun mọ, kò sí òfo kankan níbẹ̀.

“Aught” inú wáyà, àṣìgbọ́ ló bí i. Ẹ wí i jáde: “a nought”. Ibo ni “a” parí sí, ibo ni “n” ti bẹ̀rẹ̀? Etí ò mọ̀. Àwọn kan gbọ́ ọ bíi “an ought”, “n” ti ṣí kúrò nílé ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí ilé ìkejì. Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ rí fún ìborùn tí alásè ń so mọ́dìí: “a napron” ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, òun ló di “an apron”. Bẹ́ẹ̀ ni òdo ṣe sọ “n” rẹ̀ nù tó wá ń wọ aṣọ ohunkóhun. “Ought” ni àwọn kan ń kọ, “aught” ni àwọn mìíràn, wáyà ò ṣáà yí padà.

Tiwa náà kò dára jù ú lọ, àmì ohùn ló ń gbà wá. Ẹni tó bá kọ “òdo” láìfi àmì sí i, ṣé odó tí à ń gún iyán ni, ṣé odò Ògùn tó ṣàn kọjá lẹ́yìnkùlé Akọ̀wé ni? Mo rí ìwé ìṣirò ọmọdé kan tí wọ́n kọ “odò” sí iwájú 0 láti òkè délẹ̀. Omi kún ojú ìwé náà. “Òfo” àti “òfò” náà ń kọ́? Agbè tó ṣófo ò tíì pàdánù nǹkan kan, ẹni tó ṣòfò ló ń sunkún.

* * *

Aríyànjiyàn

Ó wá ku kí ẹ sọ fún wa ìdí tí bọ́ọ̀lù fi ń jẹ́ “nil”, tí tẹ́nìsì ń jẹ́ “love”, tí nọ́ńbà fóònù sì ń jẹ́ “oh”. Wọn ò ní nǹkan kan, orúkọ ló kún ọwọ́ wọn.

* * *

Tíṣà Fẹ̀yìntì

O gbàgbé kírikẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá jáde láìgba ayò kan, “duck” ni wọ́n ń pè é, torí òdo jọ ẹyin pẹ́pẹ́yẹ. Ní kíláàsì tèmi náà, ẹni tó bá gba òdo nínú mẹ́wàá, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á ní kó lọ dín ẹyin ẹ̀.

* * *

Nọ́ọ̀sì Leeds

Mo ní àríyànjiyàn kan. Ọkọ mi ní “for nought” túmọ̀ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi ní lásán ni, pé èèyàn ṣiṣẹ́ tí kò rí èrè kankan níbẹ̀. Àwọn ará ibí máa ń sọ pé tó o bá máa ṣe “owt for nowt”, ara ẹ ni kó o ṣe é fún. Ìyẹn jọ tọkọ mi díẹ̀, ṣùgbọ́n n ò fẹ́ gbà fún un.

* * *

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Ẹ má bínú, ìyàwó wa, ọkọ yín ní ẹlẹ́rìí. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 29:15, Lábánì bi Jékọ́bù pé nítorí pé ìbátan òun ni, ṣé yóò wá máa sin òun “for nought”? Lọ́fẹ̀ẹ́ ni. Ó ní kó dárúkọ owó iṣẹ́ rẹ̀, a sì mọ ohun tí Jékọ́bù dárúkọ àti bí wọ́n ṣe san án fún un. Aísáyà 52:3 náà, “ye have sold yourselves for nought”, ẹ ti ta ara yín láìgba kọ́bọ̀, a ó sì rà yín padà láìsan owó.

Ẹ̀yin náà kò jẹ̀bi pátápátá. Tí èèyàn bá ní òun ṣe wàhálà “for naught” lóde òní, pé ó já sí asán ló ń wí. Tiwa ò yàtọ̀: bí mo bá ní “mo bá a ṣe é lásán”, ẹ ò tíì mọ̀ bóyá kò sanwó ni tàbí bóyá kò yọrí sí rere. Kẹta rẹ̀ tún ni ìbéèrè tí Sátánì bi Ọlọ́run nínú Jóòbù 1:9, ṣé “for nought” ni Jóòbù ń bẹ̀rù rẹ̀? Èyí kì í ṣe owó, kì í ṣe òfò. Ohun tí àwa ń pè ní “kì í ṣojú lásán” ni. Ó ń fẹ̀sùn kan Jóòbù pé nǹkan ń bẹ nídìí ìfọkànsìn rẹ̀.

Ti pé kí wọ́n “set at nought” ẹnì kan, ẹ má túmọ̀ ìyẹn sí òdo rárá. Hẹ́rọ́dù àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ṣe é sí Jésù nínú Lúùkù 23:11. Wọ́n fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀ ni. Mo ti rí ibi tí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ pé wọ́n “gbé e sí orí òdo”, bí ẹni tí wọ́n gbé sórí ẹ̀rọ ìwọ̀n.

* * *

Oníná Houston

Tíṣà, ẹ ti gbàgbé. Ẹ ní wọ́n ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ láìmọ̀, pé ẹ ó padà sórí ẹ̀.

* * *

Tíṣà Fẹ̀yìntì

Òótọ́ ni. “Not” ni.

Láyé àtijọ́, “ne” ni wọ́n fi ń sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀, iwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ló sì ń wà, bíi “kò” tiwa. Tí wọ́n bá fẹ́ tẹnu mọ́ ọn, wọ́n á fi “nought” sí i lẹ́yìn, bí a ṣe ń fi “rárá” sí i: n kò mọ̀ rárá. Wọ́n ń sọ ọ́ báyìí, títí tí “ne” fi rọ tó sì bọ́ dànù. “Rárá” nìkan ló kù tó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì, lílò sì gé e kúrú di “not”. Àwọn ará Jámánì náà rìn ín lọ́nà kan náà, “nicht” wọn, “kò sí ẹ̀dá kan” ló jẹ́ níṣẹ̀ǹbáyé.

Nítorí náà, ọmọ Nàìjíríà tó ń pe “not” àti “nought” bákan náà, tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ yọ máàkì ẹ̀ nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń pè lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti yọ irú máàkì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. N ò lè wá wọn kiri mọ́.

* * *

Akọ̀wé Ìjọ

Mo ti dé o. Mo gbé Bíbélì King James lọ bá alàgbà lálẹ́ àná, mo kúnlẹ̀, mo ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì fún wọn ṣáájú, kí inú wọn lè dùn. Wọ́n rí “o” wọn, wọ́n mi orí. Mo wá ṣí Òwe.

Wọ́n kà á. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n fi etí agbádá nù ún, wọ́n tún kà á. Wọ́n ní, “Ta ló tẹ Bíbélì yìí?” Mo ṣí iwájú ìwé fún wọn. Wọ́n dákẹ́ títí. Wọ́n wá ní kí n mú bírò wá, kí n rí i pé pupa ni.

* * *

Aríyànjiyàn

Wọ́n dá “a” ẹ padà?

* * *

Akọ̀wé Ìjọ

Wọ́n kọ ọ́ lé “o” wọn lórí, wọ́n buwọ́ lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí onítẹ̀wé lè mọ̀ pé àwọn fúnra wọn làwọn tún un ṣe. Ti Gàmálíẹ́lì, wọ́n fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

* * *

Ìyá Ìbejì Ìtòkú

Bá mi fi ẹ̀dà kan pamọ́. Màá lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú ìsọ̀.